Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ amúnáwá ní Odògúnyàn, hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti búùtù nìkan ni wọ́n fún un

Ìyá_Ìbejì_Agric:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọkọ mi rí iṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá iléeṣẹ́ ńlá kan ní Odògúnyàn tún ilé ẹ̀rọ amúnáwá wọn ṣe. Iléeṣẹ́ náà kì í dúró de iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ onígáàsì ràgàjì-ràgàjì àti bọ́ílà, ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru, ni wọ́n ń lò. N ò ní dárúkọ wọn. Owó rẹ̀ sàn ju ti ọ̀kadà tó ń gùn tẹ́lẹ̀ lọ, a dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá ti dé lálẹ́, àfi kí n pariwo kó tó gbọ́ mi, ó sì ní nǹkan kan ń dún fíín létí òun. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa kún fún eruku funfun kan tó rí fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú. Èmi ni mò ń gbọ̀n ọ́n dànù níwájú ilé, kí n tó pa á pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ fọ̀. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti búùtù ni wọ́n fún un, wọ́n ní ó parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? Kí ló yẹ kó béèrè tí wọn ò fi ní lé e?

Ọmọ_Ìsẹ̀lẹ̀:
Àǹtí, ẹ máa dúpẹ́ ná. Àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ yẹn ń tò sẹ́nu géètì láfẹ̀mọ́júmọ́. Etí tó ń dún yẹn, bó bá pẹ́ díẹ̀ á mọ́ ọn lára.

Bàbá_Tọ́báìnì:
Ìwọ Ọmọ Ìsẹ̀lẹ̀, má fi ìyẹn tan ìyàwó oníyàwó jẹ. Ìdí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí kí iná tó wá, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ó ti mọ́ mi lára". Etí ló ń kú. Àwọn irun tín-ín-tìn-tín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tí wọ́n ń bá wa gbé ohùn lọ sí ọpọlọ. Bí ariwo bá ti pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sí àgbo rẹ̀. Ohùn tó tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ: ti ọmọdé, ti obìnrin. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó fi máa ń mọ̀ ṣáájú ọkọ.

Ìyá Ìbejì, ìwọ̀n ariwo tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ni desibẹ́ẹ̀lì 85 (desibẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo) fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 péré lé sí i, àkókò tí etí lè fara dà á á já sí ìdajì. Ní 88, wákàtí 4. Ní 91, wákàtí 2. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Bẹ́ẹ̀ ilé jẹnẹrétọ̀ onígáàsì tí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ṣòro fún un láti kọjá 100. Ẹ ṣírò ẹni tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́.

Kò dìgbà tó bá ní ẹ̀rọ ìwọn ariwo. Kó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní láti gbóhùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn, ibẹ̀ ti kọjá 85.

Ní ti eruku yẹn, ẹ dákun, ẹ má gbọ̀n ọ́n mọ́. Mo fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì bá yín dá sí i.

Òjò_Ìjèdé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ya bàrá díẹ̀. Iléeṣẹ́ amúnáwá Egbin tó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín, ẹ̀rọ 6 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan megawatt 220, àpapọ̀ 1,320. Láti 1985 ló ti ń múná wá. Mo ń wo wáyà gíga láti ojú fèrèsé mi, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo sì fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá_Tọ́báìnì:
Òjò, àwọn tó ń mú iná wá kọ́ ló ń pín in. Gbé ẹjọ́ yẹn lọ síbi tó yẹ, jẹ́ ká gbájú mọ́ ti ìyá yìí.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ìbejì, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni aṣọ. Bí wọ́n bá ń tú ohun tí wọ́n fi wé páìpù gbígbóná àti bọ́ílà, eruku funfun yẹn lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń fi dí ooru, pàápàá bí ilé ẹ̀rọ náà bá ti pẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ fọ́nrán gíláàsì tàbí irú òwú amọ̀ tí wọ́n ń lò lóde òní. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, kì í sì í tètè fara hàn. Ó lè lo 20 ọdún, 30, kódà 40, kí àìsàn tó yọjú: ẹ̀dọ̀fóró á le gbagidi tí ẹni náà ò ní lè mí kanlẹ̀, tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí jẹjẹrẹ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Bí olúwarẹ̀ bá tún ń mu sìgá, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn ìyàwó tí wọn kò débi iṣẹ́ rí ni àìsàn yìí pa, nítorí pé àwọn ló ń fọ aṣọ ọkọ wọn.

Nítorí náà, láti alẹ́ òní, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbi iṣẹ́, kó wẹ̀ níbẹ̀ bí omi bá wà, kó wọ aṣọ mìíràn wálé. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó bọ́ ọ sẹ́yìn ilé, kó kì í bọ inú ọ̀rá. Kí ẹ tó tú ọ̀rá náà, ẹ da omi sí i. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ má fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Ìbòmú pélébé tí a lò nígbà Kòrónà kò dí eruku yìí.

Kó lọ ṣe àyẹ̀wò etí náà, kó gba ìwé rẹ̀. Kó ṣe é lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí etí bá ti gbádùn díẹ̀, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ariwo. Ìwé yẹn ni yóò fi hàn lọ́jọ́ iwájú bí etí rẹ̀ ṣe rí nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìsẹ̀lẹ̀:
Bí ojú ò bá lè dá a mọ̀, báwo ni òṣìṣẹ́ ṣe máa mọ ohun tó ń fà ya?

Sefutí_Gbérígbè:
Òṣìṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ sefutí ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ni ilé ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ lára ohun náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí èsì kò bá tíì dé, ká ṣe é bí ẹni pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni. A ó fi omi rin ín, a ó fi ọ̀rá yí ibẹ̀ ká, àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì tú u.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń pariwo yìí, ìkẹyìn ni. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a mú ewu náà kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, kí a fi ohun tí ewu rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ká ti ẹ̀rọ mọ́ inú yàrá tí ariwo kò ti ní jáde, ká kọ́ yàrá gíláàsì fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà la ó wá dín wákàtí kù, ká máa fi ènìyàn rọ́pò ènìyàn. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ṣì kù díẹ̀ káàtó la ń wá ohun tí a ó fi dí etí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo dé, orí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ló rọ̀ jù lọ́jà, fọ́tò rẹ̀ sì máa ń dára.

Agbaṣẹ́ṣe_Tòótọ́:
Ẹ gbọ́ tẹnu tiwa náà. Agbaṣẹ́ṣe ni mí, mo sì ń kó ènìyàn lọ sírú iṣẹ́ báyìí. Iléeṣẹ́ ńlá á gbé iṣẹ́ síta, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni wọn yóò fún. Bí mo bá ka ìbòmú gidi, àyẹ̀wò etí àti aṣọ ìlò-ẹ̀ẹ̀kan sínú owó, ẹlòmíràn tí kò kà á ni yóò gba iṣẹ́ náà. Èkejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bóyá wọ́n ń wọ ohun tí a bá rà fún wọn. Ooru á mú wọn, wọn á bọ́ ọ sọnù. Mo ra ìdíletí, mo bá a nínú gọ́tà.

Bàbá_Tọ́báìnì:
Agbaṣẹ́ṣe, òótọ́ lo sọ lórí owó. Ti ooru yẹn ni n ò gbà. Bí ooru bá ń mú kí wọ́n bọ́ ohun ìdáàbòbò sílẹ̀, a jẹ́ pé ooru fúnra rẹ̀ ni ewu tí o kò tíì mójú tó. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà nínú oṣù kẹta nílẹ̀ wa kì í ṣe ibi eré.

Iṣẹ́ tó bá wà lẹ́bàá ohun gbígbóná, àárọ̀ kùtù ni ká ṣe é. Kí ibi ìsinmi tó ní fáànù wà nítòsí, kì í ṣe lẹ́yìn géètì. Kí òṣìṣẹ́ máa mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó má dúró di ìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́. Ẹni tuntun, má jẹ́ kó lò ju ìdá kan nínú márùn-ún àkókò náà nínú ooru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́. OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, sọ pé ó lé ní 70% nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ooru pa tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kú. Ta ni ẹni tuntun níbi àtúnṣe? Àwọn tí ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lánàá ni.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún àwọn ọmọ yìí: ooru omi tó ti gbóná kọjá ààlà, ojú kì í rí i. Funfun tí ẹ ń rí yẹn, èyí tó ti ń tutù ni. Níbi tí páìpù ti jò gan-an, ṣíín ni ẹ ó kàn máa gbọ́, kò sí ohun tí ojú ń rí, bẹ́ẹ̀ ó lè gé ẹran ara. Nígbà tiwa, igi ìgbálẹ̀ ni a máa ń nà síwájú bí a bá ń wá ibi tó ti jò. Bí igi bá ti gé, o ti mọ ibẹ̀. Kí ọkọ Ìyá Ìbejì má fi ọwọ́ wá a láéláé.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútẹ́:
Ẹ jẹ́ n fi kún un. Bí ooru bá mú ẹnì kan débi pé ó ń sọ kántankàntan, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò sí "ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀". Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan ti máa wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Parasítámọ́ kò wúlò fún irú ìgbóná yìí. Ẹ má sì rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà.

Sefutí_Gbérígbè:
Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó máa ń wọ inú nǹkan: inú bọ́ílà, inú táǹkì, inú kòtò wáyà. Èyí ló ń pani jù láàárín ìṣẹ́jú. Bọ́ílà tó bá wà ní ìsinmi, wọ́n lè fi gáàsì nitirójìn kún un kó má baà dógùn-ún. Nitirójìn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá wọ ibi tó ti lé ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí wa ró, jáde, èémí bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti ṣubú. Ọ́síjìn inú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 19.5%, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n kí ènìyàn tó wọlé àti nígbà tó bá wà níbẹ̀.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí kì í ṣe Ìkòròdú, ọmọkùnrin kan wọlé lọ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣubú. Àwọn méjèèjì la gbé jáde, ọ̀kan ṣoṣo ló yè. NIOSH ti kọ ọ́ láti 1986 pé ó lé ní 60% nínú àwọn tó ń kú síbi tó há báyìí tó jẹ́ pé olùgbàlà ni wọ́n. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ihò, okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó wọlé, ẹni tó wà lẹ́nu ihò kò sì gbọdọ̀ wọlé, ohun yòówù kó gbọ́.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́. Kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tàbí wáyà, kí wọ́n ti pa á, kí òun fúnra rẹ̀ fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Kì í ṣe "ọ̀gá ti ní wọ́n ti pa á". Iná tó bá bẹ́ láàárín wáyà méjì lè gbóná tó ìwọ̀n 19,000 Sẹ́líṣọ́ọ̀sì. Kò dìgbà tó bá kan wáyà náà kó tó jóná.

Bàbá_Tọ́báìnì:
Òótọ́ ni. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìkánjú ti ń pani. Ní ọjọ́ keje oṣù kejì 2010, ní iléeṣẹ́ amúnáwá Kleen Energy ní Connecticut lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi gáàsì tí ẹ̀rọ ń jó fọ inú páìpù tuntun, gáàsì náà bú gbàmù, ènìyàn 6 kú. Afẹ́fẹ́ lásán ì bá fọ páìpù náà mọ́. Ohun tí Sefutí ń pè ní fífi ohun tí ewu rẹ̀ kéré rọ́pò ewu nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Agric:
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun kò tíì wọ inú bọ́ílà, pé ìta rẹ̀ ni àwọn ń tú. Ó béèrè ìdíletí lọ́wọ́ fọ́máànù, wọ́n fún òun àti ẹnìkejì ní ẹyọ kan, pé kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ti eruku, fọ́máànù ní òwú lásán ni. Nígbà tó béèrè ìwé àyẹ̀wò, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ni tàbí ó fẹ́ máa ṣe lọ́yà.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀bútẹ́:
Ìdíletí tó ń wọ inú ihò etí kò ṣeé pín, ikun etí ni wọn yóò máa kó fún ara wọn. Èyí tó rọ̀ bíi fóòmù, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́, ẹ yí i títí tí yóò fi tín-ín-rín, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè kó tó wọlé, ẹ wá dì í mú títí tí yóò fi wú. Bí ó bá kàn dúró sẹ́nu ihò, kò dí nǹkan kan. Bí ìwọ̀n ariwo bá kọjá 100, kó fi èyí tó ń bo gbogbo etí lé e lórí.

Ọmọ_Epe:
Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Epe. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ òru. A ń ṣe é ní ibi tí mo wà. Láago mẹ́ta òru, ọkàn kì í sí níbi táàgì ìkìlọ̀ àti àgádágodo tí wọ́n fi ń ti ẹ̀rọ mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ṣíìfù wákàtí 12 láìsí ìsinmi, àṣìṣe ọwọ́ ló ń pọ̀. Iṣẹ́ tó bá léwu, ẹ jẹ́ kó dọ̀sán.

Amòfin_Ìgbógbó:
Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ fọ́máànù yẹn. Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 kò yọ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ sílẹ̀. Ìbáà jẹ́ ìgbà díẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni. Agbanisíṣẹ́ ló ń san 1% owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Òfin náà dárúkọ àìsàn tí iṣẹ́ fà, ó sì ní abala tirẹ̀ fún etí tí ariwo bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí ohunkóhun bá ṣe é, kó sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan ni òṣìṣẹ́ ní láti béèrè ẹ̀san. Àjọ Ètò Ààbò ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà tí a lè fi ẹjọ́ sùn, ẹ̀ka ètò ìlera òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ń yẹ iléeṣẹ́ wò. Nàìjíríà tún fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní 1994. Àdéhùn yẹn ní kí a má fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi tó ní ìdí tó dájú láti gbà pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Agbaṣẹ́ṣe_Tòótọ́:
Amòfin, ẹ ń ka òfin, àwa ń ka owó oṣù. Ẹ sọ fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá kí wọ́n ka ètò ààbò lọ́tọ̀ sínú iye iṣẹ́, kí wọ́n má sì gba ẹni tí kò kà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní bá mi jà mọ́.

Sefutí_Gbérígbè:
Lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ilé ẹ̀rọ ni ewu wà, onílé ẹ̀rọ ni kó sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíletí ẹyọ kan fún ènìyàn méjì, owó iléeṣẹ́ ńlá kọ́ ló fa ìyẹn.

Amòfin_Ìgbógbó:
Ìyá Ìbejì, ẹ dá mi lóhùn ohun kan: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Agric:
Kò sí ìwé, ọ̀gá. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ ẹnì kan tí a kò mọ̀ ló máa ń hàn. Káàdì géètì nìkan ló ní, wọ́n sì ń gbà á padà nírọ̀lẹ́.

Amòfin_Ìgbógbó:
Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sá mọ́ yín lọ́wọ́. Kó ya fọ́tò káàdì náà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n tó gbà á. Kó tọ́jú gbogbo àlẹ́ẹ̀tì báńkì, má ṣe pa ọ̀kan rẹ́. Kó máa kọ ọjọ́ tó lọ, ibi tó ṣiṣẹ́ àti ohun tó tú sínú ìwé kan, kó sì kọ orúkọ ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìbéèrè ìdíletí yẹn, kó tún un béèrè lórí WhatsApp, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, kí èsì fọ́máànù lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ bí ìwé àyẹ̀wò etí bá ti jáde.

Ìyá_Ìbejì_Agric:
Ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́. Àmì búlúù méjì ti hàn, kò tíì fèsì.